Ta Ni Yóò Bá Sájẹ́ńtì Gbé?

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìfẹ́ ò ní wàhálà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Lará fún yín, ọmọ Bàbá Adébọ̀dé ti àdúgbò Barkin Sale ní Minna. Nígbà tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sọ Minna di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń já búlọ́ọ̀kù àti páànù sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn akọ̀wé ìjọba ń ti Ìbàdàn àti Ìlọrin dé pẹ̀lú àpótí lórí, tí wọ́n ń wá yàrá tí wọn yóò háyà. Bàbá Adébọ̀dé kì í ṣe àlejò irú bẹ́ẹ̀ ní tirẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e dé Minna nígbà tí ìlú náà ṣì kéré, ibẹ̀ ló ti fẹ̀yìntì, ibẹ̀ ló kọ́lé sí, ibẹ̀ náà ló sì bí Lará sí.

Bàbá yìí le o! Bó bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó parí. Kò fẹ́ kí ènìyàn pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò fẹ́ kí ènìyàn jókòó sórí àga rẹ̀, bí Lará bá sì fi Hausa dá a lóhùn, á ní Yorùbá ọmọ òun ti gba ọ̀nà Kàdúná lọ, kò padà wá mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú un rẹ́rìn-ín títí tí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀ ni ẹja kan tó wà nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ rẹ̀.

Ará Íńdíà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ló fún un ní ẹja náà nígbà tí ọkùnrin náà ń padà sí ìlú rẹ̀. Bẹ́tà ni wọ́n ń pè é. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, àmọ́ ẹwà tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀ pọ̀: ara rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ gùn, lẹbẹ rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń fi wọ́n yan bí ẹni tó wọ agbádá lọ́jọ́ ọdún. Ohun tí ará Íńdíà náà sọ kò ju pé, "Ẹ fi òun nìkan sílẹ̀ o, oníjà ni." Bàbá sọ ọ́ ní Sájẹ́ńtì. Bó bá gbé dígí kékeré síwájú rẹ̀, Sájẹ́ńtì á rò pé ẹlòmíràn ló dé, á ya lẹbẹ, á fi orí lu gíláàsì gbà-gbà.

"Ẹ wò ó!" Bàbá á wí. "Kò gba gbàkugbà. Èmi gan-an nìyí."

Lará ló ń pààrọ̀ omi ẹja náà. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Tunga, bó bá sì ti dé láti ibi iṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kejì nìyẹn. Lọ́jọ́ kan báyìí, ó bu omi ẹ̀rọ sí i bó ṣe máa ń ṣe, kò sì pẹ́ tí Sájẹ́ńtì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó ń mí gúlegúle. Omi náà ń rùn bí oògùn. Bàbá kò sí nílé. Lará sáré lọ sí àdúgbò Kpakungu, sọ́dọ̀ Sherifat tó ń rán aṣọ fún un, torí kò mọ ibòmíràn tí ènìyàn ti lè sunkún nítorí ẹja.

"Kí ló pọ́n ọ lójú báyìí?" Sherifat bi í.

"Ẹja bàbá mi ń kú lọ."

"Ẹja? Haba, Lará! Ẹja tá à ń fi ata sè ni ìwọ ń sunkún lé lórí?"

"Àǹtí, bó bá kú, èmi náà kú. Èmi ni mo pààrọ̀ omi."

Ọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń mu omi tútù. Ràsákì ni, àbúrò Sherifat, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ omi. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Ṣé omi ẹ̀rọ lẹ lò?"

"Omi ẹ̀rọ ni."

"Oògùn tá a fi ń pa kòkòrò inú omi ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ dákun, ẹ má fi wá sun Bàbá, àwa la dà á jù sí i lónìí." Ó ti dìde. "Láti ọ̀la lọ, ẹ bu omi sínú garawa, ẹ má bò ó, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́ kẹ́ ẹ tó lò ó. Ní tòní, omi kànga lẹ máa lò. Ẹ jẹ́ n pọn ọ́n fún yín."

Ó pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ó sì ń tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lará títí dé Barkin Sale. Kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti gbé kẹ́ẹ̀gì fún un. Kí Bàbá tó dé, Sájẹ́ńtì ti ń yan kiri padà, Lará sì jókòó sílẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó tún ń ronú nípa ọwọ́ tó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Láti ọjọ́ yẹn, Ràsákì a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́. "Báwo ni aláìsàn wa?" á bèèrè. Lará á ní ó ti ń jẹun. Lọ́jọ́ kejì, "Báwo ni aláìsàn wa?" Lará á ní ara rẹ̀ ti le. Nígbà tó yá, Lará fọwọ́ lé ìbàdí.

"Bùọ̀dá Ràsákì, ẹja ti yó, ara ẹja ti yá, ẹja ń kí yín. Ẹ wá nǹkan mìíràn bèèrè."

"Kò burú," ni Ràsákì wí. "Báwo ni ẹni tó ń fún ẹja lóúnjẹ?"

Ojú ti Lará, àmọ́ inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀.

Òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, ó sì parí, wọ́n ti di ti ara wọn. Ẹ̀yin ẹ gbọ́, Lará yìí, ọmọ bàbá rẹ̀ ni. Ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ gbóná. Lọ́jọ́ kan tí Ràsákì pẹ́ dé, ó kó ọ̀rọ̀ bò ó lójú títì, ó sọ ti Yorùbá tán, ó bọ́ sórí Hausa, àwọn èèyàn dúró wò wọ́n. Ràsákì dúró, ó ń gbọ́.

"Ṣé ó ti tán?" ó bi í. "Wọ́n ń ta kunu lọ́hùn-ún. Ọ̀fun rẹ á ti gbẹ."

Ẹ̀rín pa Lará tó fi di igi mú. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé òun kò lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á, torí Mùsùlùmí ni Ràsákì, àgbà akọrin sì ni Bàbá Adébọ̀dé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ń kọrin, ojú Lará á máa lọ sí ẹ̀yìn orí bàbá rẹ̀. Á ní nínú ara rẹ̀ pé, "Báwo ni màá ṣe bẹ̀rẹ̀? Ta ló fẹ́ sọ fún un?"

"Mi ò ní ní kó o fi ṣọ́ọ̀ṣì rẹ sílẹ̀," Ràsákì sọ fún un. "Ìwọ ni mo fẹ́. Jẹ́ kí Àǹtí lọ bá Bàbá."

Báyìí ni Sherifat ṣe di alárinà. Ó wé gèlè, ó ra ọsàn, ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Bàbá, ó sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí tó wu àwọn. Ìyá Lará, obìnrin jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í jáde kọjá yàrá ìdáná, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó mi orí.

"Ọmọlúàbí ni yín. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹni wa ni mò ń wá fún ọmọ mi. Ẹni tá a jọ ń kọ orin kan náà, tá a jọ ti ìlú kan náà wá. Oyèbọ́lá ń bẹ, akọrin ni, akọ̀wé owó ìjọba ni."

"Bàbá, ẹ̀sìn ò ní kí Ràsákì má mọ ìyàwó tọ́jú."

"Ìyá mi, irú a máa bá irú gbé." Bàbá na ọwọ́ sí àpótí gíláàsì. "Ṣé ẹ rí ẹja yẹn? Lọ́jọ́ tí Sájẹ́ńtì bá gbà kí ẹni tí kì í ṣe irú rẹ̀ bá òun gbé inú gíláàsì yẹn láìjà, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ padà wá tọrọ Lará." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Sherifat kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹyin lohùn o. Èmi ti gbọ́, Màmá náà sì ti gbọ́."

"Kí gbogbo Minna gbọ́," Bàbá dáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà rìn. Ó dé etí Oyèbọ́lá, inú rẹ̀ sì dùn, torí ó rò pé òun rí ọ̀nà tí òun á fi gba ọkàn Bàbá pátápátá. Nígbà tí ó lọ sí Èkó fún iṣẹ́ ìjọba, ó wá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja inú gíláàsì, ó sì ra akọ bẹ́tà mìíràn, aláwọ̀ aró, tí ìrù rẹ̀ gùn bí ti Sájẹ́ńtì. Ẹ mọ̀ bí àwa ṣe ń ṣe: ènìyàn kì í lọ sílé àna pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó gbé e wá nínú ìgò.

"Bàbá, ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé," ó wí, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. "Sájẹ́ńtì ti dá wà jù. Mo mú àbúrò rẹ̀ wá fún un."

"Ará Íńdíà yẹn ní ká má ṣe…" Lará bẹ̀rẹ̀.

"Àlejò ni ará Íńdíà ń sọ. Tẹbí ń kọ́?" Oyèbọ́lá sì da ẹja náà sínú gíláàsì.

Yé! Ẹ̀yin ò rí ìjà rí. Àwọn méjèèjì ya lẹbẹ, wọ́n kọ lu ara wọn, ìrù ń já, ìpẹ́ ń fò. Kí Bàbá tó lè dìde, apá kan lẹbẹ Sájẹ́ńtì ti fàya. Lará gbá abọ́ mú, ó bu àlejò náà jáde.

"Kí ló dé tó o là wọ́n?" Oyèbọ́lá pariwo. "Wọn ì bá parí ìjà, kí wọ́n rẹ́!"

"Wọn ì bá rẹ́ ní ọ̀run!" Lará dá a lóhùn. "Orí rẹ pé ṣá?"

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ìwọ náà ni! Ṣé ẹlòmíràn wà níbí?"

Wọ́n jà títí ohùn wọn fi dé ojú títì. Ìyá Lará yọjú láti yàrá ìdáná, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Oyèbọ́lá, ó wá wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Lará, ṣé ọkọ àti ìyàwó tí ẹ̀ ń wí nìyẹn?" ó bi í jẹ́jẹ́.

Bàbá yíjú sí gíláàsì. Oyèbọ́lá gbé ìgò rẹ̀ lọ sílé, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, ó sọ fún Bàbá fúnra rẹ̀ pé èèyàn dáadáa ni Lará, ṣùgbọ́n bí àwọn bá jọ gbé ilé kan, àjà á ká. Ó tún fi kún un pé kí Bàbá má bínú nítorí ẹja.

Ẹ ó rò pé Bàbá á rọ̀ nígbà náà. Rárá o. "Bí irú rẹ̀ kò bá lè bá a gbé, ta ló tún kù?" ló ń wí, ó sì jẹ́ kí Ràsákì gbìyànjú torí ó dá a lójú pé kò ní yọrí. Ràsákì gba ẹja kéékèèké lọ́wọ́ àwọn apẹja ní Chanchaga, àwọn wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi fàdákà. Wọ́n dára lójú. Sájẹ́ńtì ò tilẹ̀ bá wọn jà. Àwọn gan-an ni wọ́n ń lé e kiri, tí wọ́n ń já ìrù rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta tí kò jẹun mọ́.

"Ẹ kó wọn jáde!" Bàbá kígbe. "Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ? Wọ́n á wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n á máa bù lára onílé díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ní ní nǹkan kan mọ́."  Lará ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ẹja nìkan ni bàbá òun ń sọ, àmọ́ kò mọ ohun tó kù.

Ní ọjọ́ yẹn, Lará rò pé ó ti tán. Ó sọ fún Ràsákì pé kí wọ́n fi sílẹ̀, kí kálukú máa lọ. Ràsákì wò ó títí.

"Ṣé ọkàn rẹ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àbí àárẹ̀?"

"Àárẹ̀ ni," Lará wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"To, kò burú. Nígbà náà, sinmi. A ò tíì parí."

Lará kò lè sinmi. Tó bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á jókòó síwájú gíláàsì, á máa wo Sájẹ́ńtì. Ó rí i pé òkè omi ló ń gbé, pé ibẹ̀ ló ti ń yọ ẹnu mí, tó ti ń jẹun, kì í sì í dé ìsàlẹ̀ àfi kó fẹ́ sùn. Ó rí i pé ohun tó ń múnú bí i ni ohun tó jọ òun: ìrù gígùn, àwọ̀ tó ń tàn, lẹbẹ tó ń fẹ́ kiri. Ohun tó sì ń pa á lára ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá láti já nǹkan jẹ. Ta ló kù? Ó fò dìde, ó gun alùpùpù àchábá lọ sí ilé iṣẹ́ omi, bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ràsákì! A ti ń wá ẹni tó jọ ọ́, a tún wá ẹni tó rẹwà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni tí kò ní bá a du nǹkan kan là ń wá. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀, tí ìrù rẹ̀ kúrú, tí kì í já ènìyàn jẹ."

Ràsákì fi pẹ́nì sílẹ̀. "Ìṣáwùrú," ó wí. "Àti àwọn ẹja kékeré onírùngbọ̀n tó máa ń fara mọ́ ìsàlẹ̀ odò. Ilé náà sì ti há jù, Lará. Ẹni tí ilé rẹ̀ há kì í fẹ́ àlejò."

"Kò sì yẹ ká dà wọ́n lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn."

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín níwájú gbogbo ilé iṣẹ́.

Ẹni tó ń gé gíláàsì fèrèsé ní Tunga ló bá wọn ṣe àpótí tó fẹ̀. Ìyá Lará gbà wọ́n láàyè, ó ní kí wọ́n máa wọlé, òun á bá Bàbá sọ ọ́. Wọ́n kó Sájẹ́ńtì sínú àpótí tuntun náà, wọ́n fi ẹja onírùngbọ̀n méjì sínú ìgò, wọ́n gbé ìgò náà kalẹ̀ sínú omi Sájẹ́ńtì. Ó ya lẹbẹ, ó fi orí lu ìgò. Àwọn onírùngbọ̀n ò tilẹ̀ wò ó. Lọ́jọ́ kejì ó tún lù ú, kò le bíi ti àná. Nígbà tó yá, á kàn kọjá, á bojú wò wọ́n, á bá tirẹ̀ lọ.

"Ó ń fẹ́ wọn sọ́nà ni," Ìyá Lará wí, Bàbá sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tí Sájẹ́ńtì ò ka ìgò náà sí mọ́, wọ́n bu òun gan-an jáde. Wọ́n yí gbogbo òkúta padà, wọ́n gbin koríko omi sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀, kó má bàa sọ pé ilé òun nìkan ni. Wọ́n kọ́kọ́ da àwọn onírùngbọ̀n àti ìṣáwùrú sí i, wọ́n fún wọn láàyè kí wọ́n rí ibi sápamọ́ sí, kí wọ́n tó dá Sájẹ́ńtì padà. Bàbá di apá àga rẹ̀ mú.  Sájẹ́ńtì yí gbogbo ilé náà po, ó ya lẹbẹ lẹ́ẹ̀kan, ó lé onírùngbọ̀n kan wọ abẹ́ òkúta, ó fẹnu kan ìṣáwùrú, ìṣáwùrú fa ara wọ inú karawun, ó dúró jẹ́jẹ́ títí Sájẹ́ńtì fi kọjá. Sájẹ́ńtì lọ sókè, ó yọ ẹnu, ó mí. Kò tún sọ̀kalẹ̀ wá jà mọ́.

Ọjọ́ ń lọ, ọ̀sẹ̀ ń lọ, kò sí ìjà. Ìrù Sájẹ́ńtì hù padà. Bàbá fúnra rẹ̀ a máa fi ìka tọ́ ìṣáwùrú tó ń gun gíláàsì, á ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìrìn." Ṣùgbọ́n kò dárúkọ Ràsákì. Lará retí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Sherifat ti wé gèlè tán, àmọ́ Ràsákì kò jẹ́ kó lọ. Ó ní kò yẹ kí àwọn fi ọ̀rọ̀ ẹnu àgbàlagbà dè é mọ́lẹ̀, kí Bàbá fúnra rẹ̀ rántí.

Lará ò ní irú sùúrù yẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dúró níwájú àga bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣèlérí."

"Ẹja lẹja, ènìyàn lènìyàn," Bàbá wí láìwò ó.

"Ẹ̀yin lẹ fi ẹja ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe èmi! Mo fi gbogbo ọkàn mi ṣe é. Mo nífẹ̀ẹ́ Ràsákì, Bàbá. Mi ò sì fẹ́ lọ sílé rẹ̀ láìgba àdúrà yín. Ẹ sọ ohun tó ń dùn yín fún mi, torí mo mọ̀ pé nǹkan ń dùn yín."

Bàbá wá gbójú sókè wò ó.

"Ṣé o mọ ẹni tí ìyá rẹ jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi?" ó bi í níkẹyìn. "Ọmọ àáfà ni ní Ọ̀fà. Èmi ni mo wọ yúnífọ́ọ̀mù rélùwéè lọ síbẹ̀, tí mo mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Títí bàbá rẹ̀ fi kú, kò tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Kò mu omi mi. Èmi pè é ní olóríkunkun nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n bí ọ, mo gbé ọ lọ́wọ́, ó wá yé mi. Lará, mo gba ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba tèmi."

 Ìyá Lará ló dá a lóhùn. Ó ti jáde láti yàrá ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù, ohùn rẹ̀ ò sì kéré lọ́jọ́ yẹn.

"Bàbá Lará, kò sẹ́ni tó gbà mí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wá. Ọdọọdún ni mò ń se oúnjẹ tí mò ń wo ọ̀nà, mò ń ní bóyá bàbá mi á wá lọ́dún yìí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ gba bàbá mi lọ́wọ́ mi. Òun ló ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ẹ wo ọmọ yín. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ti tiyín ni?"

Bàbá Adébọ̀dé wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó dìde lórí àga.

"Ẹ bá mi mú fìlà mi."

Ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ Yorùbá, bàbá ìyàwó kì í kọ́kọ́ lọ sílé ọkọ. Jíjókòó ni í jókòó, kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Bàbá Adébọ̀dé dé fìlà, ó wọ bàtà, ó dá takisí dúró, Lará sì ń sáré tẹ̀lé e láìmọ̀ bóyá ìjà ni tàbí àlàáfíà. Takisí já wọn sí Kpakungu. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán, Ràsákì ṣì wà nínú jálàbíà funfun, Sherifat ń bu oúnjẹ.

"Sàlámù àlékùn," àgbà akọrin wí lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbakọ bọ́ lọ́wọ́ Sherifat. "Wa àlékùmù sàlámù! Bàbá! Ṣé kò sí o?"

"Mo ní kẹ́ ẹ padà wá tọrọ ọmọ. Ẹ ò wá. Mo ní bóyá ẹ ò mọ ọ̀nà mọ́."

Ràsákì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Bàbá dúró tì í.

"Ràsákì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Bí ọmọ mi bá dé ilé rẹ, ṣé yóò máa wá sílé mi?"

"Bàbá, lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni màá máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kò bá ráyè wá kí yín, èmi á wá. Bí ẹ̀yin náà bá wá, ilẹ̀kùn wa kò ní kọ́kọ́rọ́ sí yín."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Dìde. Ìyàwó rẹ ni yóò fọ aṣọ yẹn, o ti sọ ọ́ di pupa."

Ìyàwó rẹ! Ẹ̀yin gbọ́ ohun tó wí? Sherifat fò sókè, ó ń pariwo "Alhamdulillahi! Kai, Allah ya sa albarka! Ọlọ́run á bù kún un!", àwọn ará ilé kejì yọjú. Ràsákì dìde, ó tún dọ̀bálẹ̀. Lará fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí òun ń ṣe.

Bàbá fa àga kan mọ́ra, ó jókòó, ó bọ́ fìlà.

"Kí lẹ sè?" ó bi Sherifat.

"Tuwo ni o, Bàbá. Kò tó nǹkan tá à ń gbé fún irú yín. Ẹ jẹ́ n sáré se…"

"Bù ú wá."

Ó wẹ ọwọ́, ó gbàdúrà ní ohùn kẹ́lẹ́, ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́. Ó tún bu òmíràn. Ó ní kí wọ́n fi ọbẹ̀ kún un, kí wọ́n sì bu omi tútù fún òun mu.  Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, Lará sì ń ronú ìyá rẹ̀ nílé, gbogbo ọdún tó fi ń wo ọ̀nà. Kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ké igbe ayọ̀ tí àwọn tó wà lójú ọ̀nà fi gbọ́, ó sì dì mọ́ ọrùn bàbá rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

"Haba, Lará!" Bàbá wí, ẹnu rẹ̀ kún, ojú rẹ̀ náà kún. "Fi mí sílẹ̀ kí n jẹun tán nílé àna mi."